Ẹ̀bi Tí Rodion Gbé Ka Ọmọ Ọlọ́mọ Lórí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, yálà ẹ fọwọ́ ara yín mú un ni o, tàbí ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ ní ìdíkọ̀, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe ìtàn olóòórùn dídùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń rùn, mi ò sì ní í wọ́n lọ́fínńdà sí i kí n tó gbé e dé iwájú yín. Ẹ ṣáà bá mi ká lọ. Ibi tó parí sí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé.

Ní ìlú Karakol, ní ẹsẹ̀ òkè ilẹ̀ Kírígísì tí mo ti gbé pẹ́, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Rodion. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yá àwọn èèyàn ní síkì, ìyẹn pákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ wálẹ̀ lórí òjò dídì. Àwọn olówó kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ní tiwọn. Àwọn tí kò yọ̀ rí láyé wọn, tí wọ́n sì ń wá ìgbádùn tí kò ní í gbọ́n àpò wọn gbẹ, àwọn ni oníbàárà rẹ̀. Rodion á bá wọn wá ilé tí wọ́n máa sùn, á bá wọn wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn gòkè, á yá wọn ní bàtà àti pákó, á sì ní òun ni òun máa kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ó ti rí fún yín. Ọtí fódíkà ló fi ń ṣan ẹnu láàárọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ gan pa nítorí itọ́ àti ọbẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn. Kì í sá àwọn bàtà tó ń yáni. Òógùn ẹni àná á ṣì wà nínú bàtà tí ẹni òní á ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí èèyàn bá kùn pé inú bàtà tutù, á ní, "Òógùn èèyàn ẹlẹgbẹ́ ẹ ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀. Wọ̀ ọ́, jàre!"

Bàtà kan wà tí kì í yá ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ ló ń fi ìgò pamọ́ sí. Bí òǹgbẹ ọtí bá dé, á gbé odindi bàtà sókè, á máa fa ọtí nínú ìgò tó ń rùn bí ẹsẹ̀ tí wọn kò fọ̀. Mo rí i lójú ara mi. Oúnjẹ tí mo jẹ lọ́jọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ padà wá kí mi.

Ṣùgbọ́n èyí tí imú ń gbọ́ kọ́ ló burú jù.

Irin kan wà lórí síkì tó ń di bàtà mú. Wọ́n lè dẹ̀ ẹ́, wọ́n lè fún un. Bí èèyàn bá ṣubú, irin yẹn gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ bàtà, kí pákó gba ibi tirẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ sì gba ibi tirẹ̀. Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló yẹ kó dẹ̀ jù, nítorí òun ló ń ṣubú jù. Gbogbo ayáni-ní-síkì ló mọ èyí. Rodion náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Yakob awakọ̀, ọmọ àwọn Jámánì tí àwọn baba ńlá wọn ti tẹ̀dó sílẹ̀ yẹn tipẹ́. Òun àti Rodion ni wọ́n jọ ń mutí tẹ́lẹ̀, wọ́n jọ ń sùn sínú èébì ara wọn. Jésù wá gba Yakob sílẹ̀, ó fi ìgò sílẹ̀, kò sì fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Rodion rẹ́rìn-ín pè é wọ ahéré rẹ̀ tó wà lórí òkè.

"Yakob, wá wo ọgbọ́n tí mo ta. Mo ti fún gbogbo irin yìí pinpin. Ẹni tó bá ṣubú, kó dìde tòun ti pákó ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀? Títí kan ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́?"

"Tiwọn gan-an ni! Àwọn ló ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìgò sẹ́nu báyìí, 'Ọ̀gá, pákó mi bọ́ o! Ọ̀gá, ẹ wá bá mi wọ̀ ọ́ o!' Ṣé èmi ni ìyá tó bí wọn ni?"

"Ẹsẹ̀ èèyàn máa kán, Rodion."

"Tìẹ kọ́ ló máa kán. Máa lọ, àlùfáà aláìníjọ."

"Mo bẹ̀ ẹ́, dẹ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ wọ́n."

"Ó dáa, ó dáa. Mo ti gbọ́. Màá dẹ̀ wọ́n." Ó fi ìyá rẹ̀ tó ti kú búra. Yakob gbà á gbọ́, ó lọ gbé èrò.

Rodion kò dẹ ẹyọ kan. Ó wo irinṣẹ́ nílẹ̀, ó wo bàtà tí ìgò wà nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé bàtà.

Nínú àwọn tí Yakob gbé gòkè lọ́jọ́ náà ni Burul wà, opó kan láti ìlú Naryn, pẹ̀lú Saykal ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Ìrìn àjò yìí ni ìyá fi kí ọmọ kú oríire. Ó sì gbọ́n sí i! Kò wá nígbà ọdún tuntun tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ó dúró kí èrò dínkù. Kò sùn sí òtẹ́ẹ̀lì orí òkè, ilé ìdílé kan nínú ìlú ló sùn sí, níbi tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ gbígbóná fún àlejò. Aṣọ òtútù, yíyá ló yá a lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti tíì gbígbóná dání kó má baà rà á ní ọ̀wọ́n lórí òkè. Ó tún kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí àwọn ọmọdé ń lò ni kó ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Gbogbo ohun tó yẹ kí olówó kékeré tó mú akẹ́kọ̀ọ́ dání ṣe, Burul ṣe é. Ọkàn ẹni tó ń de síkì mọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nìkan ni kò lè yẹ̀ wò.

Saykal yọ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ̀ sí i. Ó ṣubú. Ìṣubú tí kò tó nǹkan ni, irú èyí tí èèyàn ń dìde gbọn ara rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n pákó há sínú òjò dídì, ara yí, irin kò sì jọ̀wọ́ ẹsẹ̀. Egungun dún bí igi gbígbẹ.

Rodion ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ jáde láti inú ahéré. Kò wo ojú ọmọ náà. Irin yẹn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò. Ó rí i bó ti fún, ó sì mọ ọwọ́ tó fún un. Ìgbà yẹn ni Burul sáré dé.

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí.

"Ọmọ yín ló ṣe ara ẹ̀! Mo kìlọ̀ fún un kó má fọwọ́ kan irin yìí. Ó lọ fún un fúnra ẹ̀, ó fẹ́ ṣe bí ọ̀gá."

"Màámi, irọ́ ni!" Saykal di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Wò ó, ó tún ń parọ́," ni Rodion wí. Atẹ́gùn ọtí bá ọ̀rọ̀ náà jáde.

Tùù! Mo ti kọ ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ láti kọ gbólóhùn yẹn. Ọmọ wà nílẹ̀, egungun rẹ̀ ti ṣẹ́, àgbàlagbà kan sì dúró lé e lórí, ó ń kó ẹ̀gbin ọwọ́ rẹ̀ nù sí i lára bí ìgbà tí èèyàn ń fi aṣọ aláṣọ nu ìdí.

Ẹ̀rù ti dá Burul lọ́kàn rú. Ó gba ọ̀gá gbọ́. Nínú ọkọ̀ Yakob, bí wọ́n ti ń lọ sí ilé ìwòsàn, ó gbé orí ọmọ lé itan, ó sì ń bá a wí ní gbogbo ọ̀nà.

"Ṣé kí o wá dójú tì mí ni mo ṣe mú ẹ wá? Ṣé o ò lè gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Wò ó bí mo ṣe ṣe wàhálà tó!"

Rodion jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yakob, ó kọjú sọ́nà. Saykal kọ́kọ́ ń jiyàn. Ó jiyàn títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú mọ́, Màámi. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é."



Nígbà tí wọ́n dé, tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé Saykal wọlé, tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, Rodion sọ̀ kalẹ̀, ó di táyà mú, ó sì bì. Ó bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú rẹ̀. Yakob dúró tì í.

"O gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ?"

"Dákẹ́, Yakob."

"Mi ò ní í dákẹ́. O búra fún mi."

"Mo ní kó o dákẹ́!"

"Rodion, o di ẹ̀bi ẹ lẹ́rù, o fipá gbé e ka ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ó kọ̀, ó kọ̀, títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá gbé e. Ṣé o mọ̀ pé Ẹnìkan wà tí wọn ò fipá mú? Jésù rí gbogbo ìdọ̀tí tèmi tìẹ, ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e wá. Ó fi orí ara ẹ̀ rù ú lọ sórí àgbélébùú. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ, nígbà tó o bá ń sọ pé ti ẹlòmíì ni?"

Rodion fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Wo ojú mi. Wo aṣọ mi. Èmi gan-an, ara mi ń rí mi lára. Kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Kò ní kó o kọ́kọ́ lọ wẹ̀ kó o tó wá. Ṣé mímọ́ ló bá èmi nígbà tó mú mi?"

"Tí mo bá sọ ọ́ fún ìyá yẹn, ọlọ́pàá á gbé mi."

"Ó ṣeé ṣe."

"O ò tiẹ̀ lè parọ́ tù mí nínú!"

"Irọ́ òní ti tó, ọ̀rẹ́ mi."

Rodion wo ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn. Ó wo ojú ọ̀nà tí ì bá gbà sá lọ. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èébì ara rẹ̀ níbẹ̀. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Jésù, èmi ni. Ọmọ yẹn kọ́, èmi ni. Ṣàánú mi."

Ó dìde, ó wọlé. Wọ́n ti di igi mọ́ ẹsẹ̀ Saykal, Burul sì jókòó tì í, ó kẹ́yìn sí i.

"Ìyá," ni Rodion wí, "ọmọ yín ò fọwọ́ kan irin yẹn. Èmi ni mo fún un, kí n lè ráyè mutí. Mo sì mọ̀ pé ó lè ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Burul dìde. Ó tutọ́ sí i láyà. "Kúrò níwájú mi kí n tó ṣe ẹ́ léṣe."

Rodion kò nu itọ́ náà. Bí ó ti ń fẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó rí ìyá tó yíjú sí ọmọ. Ó rí i tí Burul kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ìyá, níwájú ọmọ tó bí.

"Saykal, àjèjì ọ̀mùtí ni mo gbà gbọ́, mi ò gba ìwọ gbọ́. Dárí jì mí."

Láti orí òkè tí egungun ti ṣẹ́, ọmọ náà kò tíì sunkún sókè. Ìgbà yìí ló fi igbe ta.

Kí Rodion tó lọ fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, òun àti Yakob padà sí ahéré, wọ́n dẹ gbogbo irin tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jìyà òfin, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Burul kò kí i títí di òní, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a wí sí i. Ṣùgbọ́n Rodion kò mutí mọ́, bí wọ́n bá sì bi í léèrè ohun tó ti ṣe, a máa dáhùn pé, "Èmi ni," kò sì ní í wá ẹni tó máa tì í sí.

Ìwọ tó ń ka èyí, o ti ń bú Rodion láti òkè wá. Mo gbọ́ ọ. Èmi náà bú u. Ṣùgbọ́n ta ló ń ru tìrẹ báyìí? Ṣé ìyàwó tí o sọ fún gbogbo ẹbí pé òun ló ba ilé jẹ́? Ṣé ọmọọṣẹ́ tí o lé lọ nítorí ohun tí ọwọ́ rẹ jí? Ṣé ọmọ rẹ ni, tí ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ló fa ìbínú rẹ? Lọ gbà á kúrò lórí wọn. Bí o bá sì ti gbà á tán, má ṣe rò pé ìwọ lè rù ú. Yóò pa ọ́. Gbé e lé Jésù, Ẹni tó fẹ́ gbà á. Má sọ pé ó di ìgbà tí o bá tún ara ṣe. Níbi tí o jókòó sí yìí, sọ fún un lónìí pé, "Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ tó wáyé nínú ahéré àti lẹ́bàá táyà, Yakob ló sọ ọ́ fún mi. Ìyókù, ẹnu Saykal fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, a jọ ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn ní Naryn, ó ń tiro díẹ̀, ó sì ń dúró dè mí nítorí pé èmi ni mi ò lè yára.