Iná Ò Mọ Májèlé

Ẹ bá mi dé agboolé kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́wọ́ àárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán. Àwọn kan ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn kan ń gbá ẹnu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin tó ń lọ sọ́jà dúró ti tábìlì Ìyá Haleem, kálukú di kọ́ọ̀bù mú. Àgbo ni Ìyá Haleem ń tà. Ti jẹ̀díjẹ̀dí wà níbẹ̀, ti ibà wà níbẹ̀, ti ọ̀pá ẹ̀yìn náà wà. Ẹni tó bá ti ra àgbo rí l'Ékòó mọ ohun tí alágbo máa ń béèrè: ṣé olómi ni àbí ọlọ́tí?

Ní agboolé yẹn, wọn kì í béèrè. Ilé mùsùlùmí ni. Olómi ló wà lórí tábìlì. Ọlọ́tí wà lábẹ́ tábìlì, nínú ìgò tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kàn wolẹ̀, Ìyá Haleem á sì ti mọ̀.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, Azeemah lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé kejì sí agboolé yẹn ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ̀ nípa ìgò náà, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí n tó máa na ìka sí ẹlòmíràn.

Ẹgbẹ́ mi ni Ìyá Haleem, Àlímọ̀t lorúkọ rẹ̀. Ọmọ etí omi Ìjẹ̀bú ni, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹmu se ògógóró. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ tó mọ̀ náà ló gbé dìde. Ó gbé àgbá àti páìpù sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín ògiri ilé ìwẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó ń fi gáàsì sè é. Bẹ́ẹ̀ àdúgbò wa, ilé fara ti ilé ni, èèyàn lè gba iyọ̀ lójú fèrèsé aládùúgbò. Tí iná bá sọ níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, a ò ní í mọ ibi tí a máa sá gbà.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa obìnrin yìí. Kì í fi ọtí kan ẹnu. Bó ṣe ń sè é tó yẹn, kò tọ́ ọ wò rí, torí ó ní ẹnu tí òun fi ń kírun kọ́ ni òun máa fi tọ́ ọtí wò. Iná ló fi ń dán an wò. Á bu ṣíbí kan, á ṣáná sí i. Tó bá ti jó, ó dáa nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹmu ṣọ̀wọ́n, àwọn oníbàárà ò sì yé wá. Ọkùnrin kan ní Apọ́ngbọ̀n wá sọ fún un pé òun ní spírítì nínú kẹ́ẹ̀gì, pé ohun kan náà ni pẹ̀lú èyí tó ń sè, pé kó kàn máa fi là á. Ìyá Haleem gbé kẹ́ẹ̀gì kan wálé. Ó bu ṣíbí kan, ó ṣáná sí i. Ó jó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹntiróòlù náà ń jó. Kẹrosíìnì náà ń jó.

Nínú agboolé yẹn kan náà ni Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù ń gbé. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni wọ́n ń ṣe, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, abẹ́rẹ́ àti òwú, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó bá fẹ́ kí agbádá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ń gbé e wá fún wọn. Látàárọ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ba, ẹ̀yìn ò sì ní í ṣàì dùn wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Àmọ́ lọ́jọ́ Àlàrùba kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n dúró nídìí tábìlì Ìyá Haleem, wọ́n wolẹ̀. Kọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n mu. Oògùn ni wọ́n kà á sí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, orí ń fọ́ wọn, inú ń run wọ́n, wọ́n ń bì. Memunat ìyàwó wọn ní ibà ni. Nígbà tó dọ̀sán, wọ́n ní kí àwọn fi iṣẹ́ pa á rẹ́. Wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n mú òwú, wọn ò rí ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n fi ètè rẹ òwú, wọ́n tún gbìyànjú, òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ni wọ́n bá gbójú sókè, wọ́n bi Memunat pé ta ló ta aṣọ funfun sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Kò sí aṣọ kankan lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Kí n tó dé, ilé ti kún. Ẹnì kan gbé epo pupa dání, ẹnì kan ń la àgbọn kí wọ́n lè mu omi rẹ̀, ẹnì kan ti ń sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pé ayé ló fọwọ́ kan ojú wọn. Mo ní kí wọ́n gbé epo sílẹ̀. Mo bi Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tí wọ́n mu láti àná. Wọ́n ní ẹ̀bà, wọ́n ní tíì. Mo bi wọ́n bóyá ọtí wà nínú rẹ̀. Memunat fẹ́ẹ̀ bù mí jẹ. Ó ní ṣé mo mọ ọmọ ẹni tí ọkọ òun jẹ́, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá wọn lọ sí Mẹ́kà. Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù kọjú sí ògiri, wọ́n ní àwọn ò mu nǹkan kan. Àwa tá a mọ̀ ń wolẹ̀.

Tí wọ́n bá gbé wọn dé ọsibítù tí wọ́n ní ibà ni, ibà làwọn dókítà máa kọ́kọ́ wá, májèlé ò sì ní í dúró dè wọ́n. Tí iṣan ojú bá ti kú, kò sí dókítà tó lè jí i.

Mo wo Ìyá Haleem tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń rò ò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ méjì. Ọlọ́pàá. Orúkọ tí wọ́n máa máa pè é nínú agboolé yẹn títí tó fi máa darúgbó. Ó yí padà, ó jáde, mo rò pé ó ti sá lọ. Ó padà wá. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ kan, ó di ìgò mú lọ́wọ́ kejì, ó kó wọn sórí ẹní níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì tú náílọ́ọ̀nù dúdú náà kúrò.

"Èmi ni mo fún wọn," ló wí. "Ọlọ́tí ni. Nǹkan inú kẹ́ẹ̀gì yìí ni mo fi là á. Ẹ gbé wọn lọ, ẹ má jókòó."

Ariwo ta. Memunat bú u débi tí mi ò lè tún sọ. Mo ní èébú ò ní í sá, ojú ni kò ní í dúró. A gbé Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù sínú kẹ̀kẹ́, mo gbé ìgò náà lé ẹsẹ̀ mi. Lójú ọ̀nà, wọ́n wá ọwọ́ mi mú.

"Azeemah, ṣé wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé pé mo mutí?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi pa mọ́ yìí, Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n. Dókítà nìkan ni kò mọ̀."

Wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún díẹ̀.

Ìgò yẹn ló gbà wọ́n là. Torí pé a gbé e dé, àwọn dókítà mọ ohun tí wọ́n ń bá jà lójú ẹsẹ̀. Mẹ́táńọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ohun mímu. Kò ní àwọ̀, ó ń rùn bí ọtí, ó ń jó bí ọtí. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ lè fọ́ èèyàn lójú, ó sì lè pa èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ìyá Haleem ka orúkọ gbogbo ẹni tó ti wolẹ̀ nídìí tábìlì rẹ̀ fún mi. A wá wọn kiri, a bá ẹni méjì tí orí ti ń fọ́, a gbé wọn lọ kí ojú wọn tó ṣókùnkùn.

Wòléwòlé wá kó àgbá àti páìpù lọ. Wọ́n pe Ìyá Haleem, ó sọ tẹnu rẹ̀, ó sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin Apọ́ngbọ̀n. Ó ní òun ò mọ̀ pé òfin wà nídìí ohun tí ìyá òun kọ́ òun. Mo ní òfin wà. Ẹni tó bá fẹ́ máa se ọtí líle tà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba, kí NAFDAC sì yẹ ọtí náà wò kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà. Láìsí ìyẹn, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, wọ́n sì lè gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́. Mi ò lè purọ́ fún un pé òfin máa ń wo ojú opó. Àmọ́ kì í ṣe láti fìyà jẹ opó ni wọ́n ṣe ṣòfin náà. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń rí ohun tí iná ò rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń se é, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a dúró ná, kẹ́ ẹ lọ béèrè ohun tí òfin wí. Ẹ má fi ohun tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀ la ọtí, ẹni yòówù kó sọ pé ohun kan náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mu ún, ẹ wo ara ìgò. Tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ gbé e sílẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbo ni wọ́n pè é. Bí orí bá ń fọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ mu ún, tí inú ń run yín, tí ojú ń ṣe bàìbàì, ẹ má dúró de epo pupa tàbí omi àgbọn. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ìgò náà dání. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Ìtìjú á lọ, ojú tó bá fọ́ tán kì í padà.

Ojú ọ̀tún Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù padà. Tòsì ò padà tán. Wọ́n ṣì ń ṣe ọnà, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ò jẹ́ kí wọ́n rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

Ẹ̀kọ gbígbóná ni Ìyá Haleem ń tà báyìí. Láràárọ̀, kó tó gbé ẹ̀kọ jáde, á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Mọ̀núrù. Memunat á gbé àga fún un. Á jókòó, á ki òwú bọ abẹ́rẹ́ méjìlá, á tò wọ́n sára tìmùtìmù lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n máa lò di alẹ́. Lẹ́yìn náà lá tó lọ dá iná ẹ̀kọ rẹ̀.