Nọ́ńbà Aláwọ̀ Ewé Ní Sáíbà Abúlé Òkúta

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti pa Lazarus!"

Igbe yìí ni Mùíz fi já wọ gbọ̀ngàn sáíbà Fareedah ní Abúlé Òkúta lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀jẹ̀ sì kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà náà, ìjọba alágbádá ti padà dé, fóònù alágbèéká ti ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, kò sì sí òpópó kan ní Bàrígà àti Ṣómólú tí ẹ kò ní bá sáíbà. Ti Fareedah ló gbayì jù nínú wọn nítorí eré ogun orí kọ̀ǹpútà. Eré tí wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò ṣojú àdúgbò nínú ìdíje kan ní Àkrá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ariwo ẹni tó borí kò sì tíì rọlẹ̀ tí Mùíz fi wọlé. Gbogbo wọn bá sáré gòkè.

Nínú yàrá ẹ̀rọ, Lazarus tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn ló nà gbalaja sílẹ̀ yìí. Orí rẹ̀ ti fọ́, sìtábíláísà onírin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ àti irun lẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà mọ́. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí ọsibítù tán ni gbogbo ojú yí sí Mùíz. Ṣebí àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni òun àti Lazarus bú ara wọn níwájú gbogbo ayé, tí Mùíz ní, "Ojú ẹ á rí màbo lónìí"? Ọpẹ́lọpẹ́ ọlọ́pàá tó tètè dé, táyà ni wọn ì bá fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Inspẹ́kítọ̀ Ikúmápàyí ni wọ́n fa ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ló fi orúkọ yẹn bẹ ikú nítorí rẹ̀, ikú sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀daràn ni kì í rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ òun alára. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í yára sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ kì í sì í sùn. Ó mọ̀ dájú pé bí òun kò bá rí ẹlòmíràn mú kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́, kóòtù ni wọ́n ń gbé Mùíz lọ, láti ibẹ̀ ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ láti dúró de ẹjọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí yóò jáde.

Ó pe Mùíz jáde láti inú àtìmọ́lé láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọkùnrin náà ń gé ìwé fún àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú, íńkì ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Kí ló gbé ẹ dé òkè?"

"Mo fẹ́ lọ tọrọ àforíjì ni, sà. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú u láàárọ̀. Nígbà tí eré parí, mo ní kí n lọ bá a parí ìjà. Mo bá a nílẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ̀jẹ̀ bò mí lọ́wọ́."

"O rí ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò rí ẹnì kankan, sà. Ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ló ṣí sílẹ̀."

Serifat, ìyá Mùíz, aránṣọ ní Ladi-Lak, ti wà lórí ìjókòó àgọ́ ọlọ́pàá láti ìgbà ìrun àsùbáhì. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe rí Inspẹ́kítọ̀. "Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹnu ọmọ mi yá, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n kò lè pa adìyẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n wá a lọ."

Ní sáíbà, Fareedah tó ni ilé iṣẹ́ náà gbà á lálejò. Ojú obìnrin náà ti wú fún ẹkún. Inspẹ́kítọ̀ bi í bóyá Lazarus ní ọ̀tá.

"Adébọ̀dé nìkan ni mo lè rántí, sà. Ó ń ya àwòrán fún àwọn onítẹ̀wé. Kò lè gba kí wọ́n ṣẹ́gun òun. Ó fi ìbínú fọ́ ẹ̀rọ wa lọ́jọ́ kan, Lazarus bá lé e, ó ní kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí mọ́. Láti ìgbà yẹn, ilé rẹ̀ ní Palmgrove ló ti máa ń bá wa ṣeré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ náà ló wà ní Sátidé. Gbogbo wa la rí orúkọ rẹ̀ lójú tẹlifíṣàn ńlá yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun ló kúkú borí."

Inspẹ́kítọ̀ forí lé Palmgrove. Adébọ̀dé fún un ní àga, ó fún un lómi tútù, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ó dùn mí o, Inspẹ́kítọ̀, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ilé mi ni mo wà, eré ni mo ń ṣe, ó sì lójú èèyàn tó rí mi. Ẹni tí a bá lábà ni baba. Ta lẹ bá lábà? Ṣé kì í ṣe Mùíz?"

"Òótọ́ lo sọ. O kú oríire Àkrá."

"Ẹ ṣé, sà!" Ayọ̀ tó hàn lójú ọkùnrin náà kò jọ ti ẹni tí ojúlùmọ̀ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Inspẹ́kítọ̀ rí i, ó dìde.

Ó padà sí Abúlé Òkúta, ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹni tó ń ka eré. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé bí eré bá ti ń lọ, ẹnì kan á di makirofóònù mú níwájú tẹlifíṣàn, á máa kà á bí ẹni ń ka bọ́ọ̀lù, á sì máa fi gbogbo ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Fadékẹ́ ni, ọmọdébìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Báwo lo ṣe máa ń pe Adébọ̀dé nínú eré?"

Fadékẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ha, sà! Mo máa ń ní, 'Adébọ̀dé, ṣé Sókótó lo ti ń yìnbọn ni? Ẹni tó o yìn ín fún ti kúrò níbẹ̀, ó ti lọ jẹun, ó ti dé!' Gbogbo ilé á gbà á pariwo, 'Pupa! Pupa!'"

"Kí ló ń jẹ́ pupa?"

"Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ni, sà."

Inspẹ́kítọ̀ yíjú sí Fareedah, obìnrin náà sì la ọ̀rọ̀ náà yé e. "Kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lókè ló ń darí eré. Gbogbo ìgbà ló ń ké sí kọ̀ǹpútà olúkúlùkù pé, 'Ṣé o wà ńbẹ̀?' Tí tọ̀hún bá dáhùn, á ka bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Ẹ ṣáà mú ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ́ ẹ gé e sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà. Ẹyọ kan níbẹ̀ ló fi ń kà."

"Ẹgbẹ̀rún kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwa tá a wà nínú ilé yìí, wáyà ló so wá pọ̀, tiwa kì í ju méjì, mẹ́ta lọ. Àwọ̀ ewé nìyẹn. Ẹni tó bá wà níta, sátẹ́láìtì lójú ọ̀run ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa gbà kó tó bọ́ sínú àwo orí òrùlé wa. Tiẹ̀ kì í dín ní ẹgbẹ̀ta láé. Pupa nìyẹn."

"Báwo lọ̀run ọ̀hún ṣe jìn tó?"

"Gígòkè nìkan, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó kéèyàn yí gbogbo ayé po. Ìbéèrè á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀. Ìdáhùn náà á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sáré, kò sì sí ohun tó yára jùyẹn lọ."

Inspẹ́kítọ̀ jáde sí ìta, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lé e. Ó gbójú sókè wo àwo funfun tó kọjú sí òfuurufú. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń kọjá lábẹ́ irú àwo bẹ́ẹ̀, tí kò bìkítà. Ojú ọ̀run mọ́ gaara, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Síbẹ̀ ìbéèrè àti ìdáhùn àwọn ọmọ Bàrígà ń gba ibẹ̀ kọjá láìdúró.

"Ọba tó dá ìmọ́lẹ̀, ìwọ lo tó bẹ̀rù!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ohun tó rin ìrìn àjò báyẹn kéèyàn tó sín tán, òun lẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ń bú pé ó ń falẹ̀?"

Fadékẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Inspẹ́kítọ̀ kọjú sí i. "Ní Sátidé ńkọ́? Kí lo fi nọ́ńbà Adébọ̀dé sọ?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọbìnrin náà.

"Sà... n ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọ̀ ewé ni, bíi tàwa. Mo tiẹ̀ ní, 'Adébọ̀dé ti ra íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun!' Ìgbà kan wà tó kàn dúró bí ère láàárín ogun, gbogbo èèyàn ń yìnbọn lù ú, mo ní bóyá ó lọ tọ̀ ni."

"Nígbà tó dúró bí ère, ṣé nọ́ńbà yẹn di pupa?"

"Rárá, sà. Àwọ̀ ewé náà ló wà."

Inspẹ́kítọ̀ mí kanlẹ̀. Ó bi Fareedah bóyá ọgbọ́n kan wà tí èèyàn lè fi mú nọ́ńbà náà kéré láti Palmgrove.

"Èèyàn lè mú kó pẹ́ sí i, sà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ gan-an kò lè dé ọ̀hún kó bọ̀ ní ìdiwọ̀n tiwa. Ẹni tó bá ní àwọ̀ ewé, inú ilé yìí ló wà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà, Inspẹ́kítọ̀ pe gbogbo wọn jọ sí gbọ̀ngàn. Serifat jókòó nítòsí ilẹ̀kùn. Adébọ̀dé wá, ó múra dáadáa, ó rò pé wọ́n fẹ́ kéde ẹni tó ń lọ sí Àkrá ni. Kò mọ̀ pé Sájẹ́ńtì Saheed ti wọ ilé òun ní Palmgrove pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ó ti jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù òun.

Inspẹ́kítọ̀ tẹ fóònù. "Saheed, ṣí eré náà."

Orúkọ Adébọ̀dé yọ lójú tẹlifíṣàn. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fò: ó lé lẹ́gbẹ̀ta, ó tún lé sí i, ó sọ̀ díẹ̀, kò sọ̀ dé ẹgbẹ̀ta. Ó pọ́n kuku. Lọ́jọ́ mìíràn, ariwo ni ilé ì bá mú, ṣùgbọ́n ojú Adébọ̀dé ni gbogbo wọn ń wò.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lónìí ni," ni Adébọ̀dé wí.

"Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà," ni Inspẹ́kítọ̀ dáhùn, "ṣùgbọ́n mo ti wá mọ èyí: kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Láti ilé rẹ, ọ̀nà ọ̀run ni o gbọ́dọ̀ gbà. Ní Sátidé, àwọ̀ ewé ni ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo àwọn tó jókòó yìí ló rí i. O gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn gòkè, o fi wáyà so láptọ́ọ̀pù rẹ mọ́ ẹ̀rọ wọn. Ọmọ ogun rẹ dúró bí ère nígbà kan. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló já, nọ́ńbà yẹn ì bá fò sókè. Kò fò. Kọ̀ǹpútà rẹ ń dáhùn kíákíá pé òun wà ńbẹ̀, ìwọ lo dìde nídìí rẹ̀. Kí lo dìde lọ ṣe, Adébọ̀dé?"

Adébọ̀dé wo orúkọ ara rẹ̀ lójú tẹlifíṣàn. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń pè mí ní pupa. Lazarus wọlé bá mi, ó ní òun fẹ́ fa wáyà mi yọ. Mo sì ń borí lọ́wọ́, sà! Sìtábíláísà ló wà nítòsí mi."

"Lẹ́yìn tó ṣubú, kí lo ṣe?"

"Mo padà sídìí eré."

Fadékẹ́ káwọ́ lérí. Inspẹ́kítọ̀ sún mọ́ ọkùnrin náà. "Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dà jù lára Lazarus kí wọ́n tó gbé e dé, kò sì tíì lajú. Ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan ni?"

"Ó pè mí," ni Adébọ̀dé wí. "Ó ń pe orúkọ mi. Mo ní kó ní sùúrù, eré ti fẹ́ẹ́ parí."

Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Inspẹ́kítọ̀ gbé fóònù sétí.

"Saheed," ló wí, "pa ẹ̀rọ yẹn. Kọjá sí àgọ́, kó o ṣílẹ̀kùn fún Mùíz. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un."