Ìdákọ̀ró Tó Ń Sá Aṣọ Sí

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni Ọládayọ̀ ti lò lórí ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni. Àwọn tó ni ín ń bára wọn ṣẹjọ́, wọ́n sì já a jù sílẹ̀ sórí omi Èkó, láàárín Tin Can àti Snake Island. Òun nìkan ni wọ́n gbà láti máa ṣọ́ ọ.

Ẹ má rò pé àìríṣẹ́ ló gbé e débẹ̀ o. Ìgbéraga ni. Ó gbá Ebiere ìyàwó rẹ̀ létí níwájú àwọn alájọgbé, torí pé ó ní kó dín ọtí kù. Obìnrin náà mú Tamara ọmọ wọn, ó lọ gba yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀. Ọládayọ̀ ní òun ò ní bẹ obìnrin láéláé. Ó gba iṣẹ́ orí omi kí ẹnikẹ́ni má baà bi í pé ìyàwó rẹ̀ dà.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó síwájú ọkọ̀, á máa wo èéfín Ajégúnlẹ̀ lókèèrè. Ó máa ń sọ̀rọ̀ sókè kó lè gbọ́ ohùn èèyàn. Àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ fún?

Ìdákọ̀ró méjì ni ọkọ̀ náà ní. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ omi, òun ló di ọkọ̀ mú. Èkejì kàn so rọ̀ níwájú ọkọ̀ ni. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ni Ọládayọ̀ ń sá aṣọ sí.

Ní gbogbo Sátidé, á fi ọ̀dà dúdú kun ibi tójú rí lára ẹ̀wọ̀n tó wọ omi, títí yóò fi máa dán. Ó so ońdè mọ́ ọn pẹ̀lú. Ẹni tó ṣe é fún un ní kò sí ìjì tó lè mi ọkọ̀ náà.

Preye, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ tó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé omi mímu àti oúnjẹ wá fún un, ń bá Ebiere lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Bàbá Tamara, ọ̀dà yín dára o. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi fà, mo rí ẹ̀wọ̀n yẹn nísàlẹ̀. Ó ti dípẹtà. Ẹ ju èkejì sómi kí òjò tó dé.”

“Preye, mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó bí ẹ. Gbé omi ẹ kalẹ̀.”

Preye gbé e kalẹ̀. “Bíbélì ní ìrètí tó wà nínú Jésù ni ìdákọ̀ró ọkàn wa, sà. Ìdákọ̀ró ò wà fún wíwò. Ibi tójú ò tó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní wọ́n ṣèrìbọmi fún yín ní kékeré, Bíbélì sì wà nínú àpótí yín. Jésù yín wà lórí ọkọ̀, ẹ ń sá aṣọ sí I lára.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú eegun. Ó mu pàràgà lé e lórí, síbẹ̀ kò gbàgbé.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ni ìjì dé. Ọládayọ̀ gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi ńlá dá, ó sáré síwájú ọkọ̀. Ońdè ò tú. Ọ̀dà ń dán. Ẹ̀wọ̀n ló já nísàlẹ̀ omi.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ síbi àwọn òkúta etíkun, Ọládayọ̀ ò sì mọ̀wẹ̀. Nọ́ńbà Ebiere ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, àmọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa á rẹ́ kúrò nínú fóònù. Kò sẹ́ni mìíràn tó lè pè tó máa lè débẹ̀ nínú ìjì yẹn.

Ó fa àwọn aṣọ já kúrò lára ẹ̀wọ̀n kejì, ó gbé òòlù, ó dojú kọ bíréèkì irin tó di ẹ̀wọ̀n náà mú. Bíréèkì náà ti gan pa. Ó ń lù ú, ó ń sunkún. “Jésù, mo kàn so Ọ́ rọ̀ lásán ni. Mo ti ṣẹ̀ Ọ́, mo ṣẹ Ebiere. Ṣàánú mi.”

Bíréèkì tú. Ẹ̀wọ̀n ya lọ sínú omi, ọkọ̀ fà, ó sì dúró.

Nínú òjò yẹn ló ti gé ońdè náà sómi, ó da ọtí tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló ṣí Bíbélì sí Hébérù orí kẹfà. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ń lọ sísàlẹ̀, inú ẹrẹ̀. Ìdákọ̀ró ọkàn yìí ń lọ sókè, sẹ́yìn aṣọ ìkélé, síwájú Ọlọ́run, níbi tí Jésù ti wọlé ṣáájú wa. Ìpẹtà ò dé ibẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Preye gbé e lọ sí Ajégúnlẹ̀. Ọládayọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ará ilé, ó sì bẹ̀ ẹ́.

Ebiere dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Mo ti gbọ́, Bàbá Tamara. Mi ò tíì lè ní kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ kí n rí ìwà yín ná.”

Ọládayọ̀ ò bínú. Tamara bu omi fún un mu, ó sì kọ nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́.

Ó padà sórí omi. Bílẹ̀ bá ń ṣú, ó ṣì ń wo èéfín Ajégúnlẹ̀, àárò ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀ sókè báyìí, ó mọ Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ? Orúkọ rẹ lè wà nínú ìwé ìjọ, kí Bíbélì wà nínú àpótí rẹ, kí gbogbo ibi tójú rí lára rẹ máa dán. Jésù tí o kàn so kọ́ ò tíì di ọ́ mú. Ké pè É níbi tó o wà yìí, kó o ronú pìwà dà. Kó aṣọ rẹ kúrò lára ìdákọ̀ró náà lónìí. Òjò ti ṣú.