Mẹ́rin Lójoojúmọ́

Láràárọ̀, kí agogo ilé ìwé tó lù, ìyá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á yọjú wo àpótí funfun tó wà lára ògiri, ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín inú afẹ́fẹ́, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà tó bá rí sára pátákó. Bí kò bá lé ní ogún, afẹ́fẹ́ dáa, kí àwọn ọmọ máa ṣeré níta. Bó bá lé, inú kíláàsì ni kí wọ́n jókòó sí.

Oṣù mẹ́ta gbáko, mẹ́rin ló ń kọ. Àwọn tíṣà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Mẹ́rin. Kò bínú. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà, pàápàá láti ìgbà tí òjò ńlá kan ti rọ̀, tí ẹ̀rọ náà kò sì kùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ náà wá kọ̀wé sí i pé kó pe ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn, kí ló fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà?"

Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tó bá sá síta á ti dúdú kó tó gbẹ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì kejì ń wúkọ́, àyà rẹ̀ ń dún.

Ìyá á ní, "Lọ ṣeré, ìyá mi. Mẹ́rin ni."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sun táyà lẹ́yìn ọgbà. Èéfín bo àpótí náà títí kò fi hàn mọ́. Kí èéfín náà tó lọ tán, ìyá yọjú wò ó. Mẹ́rin. Pẹ̀lú gbogbo èéfín yẹn? Ó wá ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù rí, ó sì ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò yẹ ẹ̀rọ wò.

Obìnrin tó ń yẹ ẹ̀rọ wò gbé sílíńdà kékeré kan dé lọ́jọ́ kejì.

"Ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú ẹ̀, mà. Èéfín tó bá wọlé á gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà, á fọ́n díẹ̀ ká. Ohun tó ń kà nìyẹn. Ó sì lè ṣì í kà, ìyẹn la ṣe ń fi ohun tá a ti mọ iye ẹ̀ dán an wò."

Ó fún ẹ̀rọ náà ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ tónítóní. "Ó yẹ kó sọ òdo."

Mẹ́rin.

Ó tú gáàsì inú sílíńdà sí i. "Èyí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọ̀n."

Mẹ́rin.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ihò tí ẹ̀rọ fi ń fa afẹ́fẹ́.

"Kò mí mọ́, mà. Ẹrẹ̀ ti dí i, ohun tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ti kú. Ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ òjò yẹn."

"Ọjọ́ yẹn ló ṣì wà. Ohun tó rí lọ́jọ́ náà ló ń tún sọ fún yín."

Ẹ̀rù ba ìyá. Láti oṣù mẹ́ta, ta ló wá ń dá a lóhùn?

Obìnrin náà tún un ṣe, ó tún dán an wò. Òdo. Ọgbọ̀n. Ó wá ṣí i sí afẹ́fẹ́ ìta. Ẹ̀rọ náà kùn, nọ́ńbà ń gòkè, ó dúró sí méjìlélọ́gọ́ta.

Ìyá ò dúró kọ ọ́. Ó sáré lọ sí pápá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èémí ò délẹ̀.

"Ìyá àgbà, ṣebí mẹ́rin ni?"

"Kì í ṣe mẹ́rin, ìyá mi. Èmi ni mi ò béèrè."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà lò nílé ìwòsàn kí àyà rẹ̀ tó rọlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí irú ẹ̀rọ yìí wà níkàáwọ́ yín, ẹni bá béèrè kì í ṣìnà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ẹ má ju ìwé àyẹ̀wò sí kọ̀rọ̀. Bí nọ́ńbà kan kò bá yí padà rárá, ẹ fura. Bí pátákó bá sì ní kò séwu, tí àyà ọmọ ń dún, àyà ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́.