Pẹ́nì Mẹ́ta Nínú Omi Síǹkì

Oṣù méjì lẹ́yìn tí àbúrò Clem Nankervis di àwátì, ọkọ̀ tuntun gúnlẹ̀ síwájú ilé Clem ní Broken Hill, ìlú kan ní Australia. Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwakùsà. Wade Hocking, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, béèrè ibi tí owó ti wá. Clem ní kó mú pẹ́nì bàbà mẹ́ta wá, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú ìyá kan.

Wade tan Tamsin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wá lọ́sàn-án gangan. Ó ní bàbá náà fẹ́ ta ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Ilé páànù tó wà lẹ́yìnkùlé ṣókùnkùn, ó sì gbóná bí ààrò. Clem ti ilẹ̀kùn nítorí eruku pupa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Abọ́ kan ń hó lórí iná: lẹ́búlẹ́bú síǹkì nínú omi kọ́sítíìkì tó ń bó awọ ara. Ó ju pẹ́nì mẹ́ta náà sí i.

"Pupa, sùn. Funfun, jí. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá ni yóò sọ yín lórúkọ."

Àwọn owó náà jáde ní funfun bíi fàdákà. Ó fi àkísà nù wọ́n, ó ju àkísà náà sínú apẹ̀rẹ̀ ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó nà wọ́n sí iná. Wọ́n pọ́n yòò bíi wúrà. Wade gba ọ̀kan, ó di í mọ́wọ́.

Tamsin rẹ́rìn-ín. "Idẹ nìyẹn. Ṣebí a ṣe é ní kíṣìnì Màmá nígbà tí mo wà níléèwé. Wade, ìwọ lo ba ìkòkò wọn jẹ́, o ní èmi ni."

"Idẹ ni báyìí," Clem dáhùn. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ ló kù kó tó di wúrà. Àbúrò tèmi sunkún díẹ̀, ó sì dákẹ́."

"Ilé àbúrò yín lẹ tà, Bàbá. Ọ́fíìsì wa ló tẹ ìwé rẹ̀."

Clem na ọ̀bẹ sí Wade. "Ọrùn ni o."

Wade wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo owó. Ó gba ọ̀bẹ, ó di irun Tamsin mú.

"Wade, èmi ni mo pọ̀n ọ́ dàgbà."

"Mo mọ̀. Má jà."

Ọ̀bẹ ti kan awọ ọrùn Tamsin nígbà tí apẹ̀rẹ̀ gbiná. Síǹkì inú àkísà ti gbẹ nínú ooru, ó gbiná fúnra rẹ̀, iná náà sì ti ran ìwé. Màmá wọn kì í jẹ́ kí wọ́n ju irú àkísà bẹ́ẹ̀ nù láìkọ́kọ́ rì í sómi. Wade ti gbàgbé. Iná dí ẹnu ọ̀nà, ó gun ṣòkòtò Clem. Wade gbá ohun olómi kan ṣoṣo tó rí mú, abọ́ orí iná. Ó fẹ́ fi pa iná, àmọ́ ó dà sí ọwọ́ àti ojú òun fúnra rẹ̀.

Tamsin fi ṣọ́bìrì fọ́ fèrèsé. Ó fi bẹ́líìtì àbúrò rẹ̀ wọ́ ọ jáde. Clem ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ń jó.

Ní ọsibítù, wọ́n fi ọ̀bẹ yọ pẹ́nì náà kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́ Wade. Awọ ti dì mọ́ ọn. Báńdéèjì bo ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Sísí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé ó ti di wúrà?"

Tamsin gbé owó náà sún mọ́ fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá mi bò ó látòkè délẹ̀," ó ní. "Idẹ ni."