Pátákó Kẹsàn-án

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti rin ọ̀nà tó jẹ bàtà tán lẹ́sẹ̀ mi, mo ti sùn níbi tí ajá kò ní sùn, n kò sì rí ohun tí màá fi irọ́ rà ní ọjọ́ orí mi. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó máa lọ. Ọ̀nà kò dí. Gbọ̀ngàn tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà. Pátákó náà ṣì wà lórí tábìlì. Kò tíì sẹ́ni tó láyà láti tú u.

Ọ̀rọ̀ Kóòṣì ni, bàbá tó ń kọ́ ẹgbẹ́ kan ní ṣẹ́ẹ̀sì. Nígbà èwe rẹ̀, Iná-Pápá ni wọ́n ń pè é nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Kì í dúró gbọ́ tẹnu ẹni. Á fi ẹṣin ta ọ́ lọ́rẹ, á fi ayaba pàápàá lé e, kí o tó mọ̀ pé ìwọ lo gbé májèlé mì, ọba rẹ ti há. Báyìí ló ṣe gba oyè ọ̀gá àgbà, oyè tí àwọn mìíràn ń lé títí ewú fi bo orí wọn. Ṣùgbọ́n bó ṣe gba oyè tán ló yí padà. Kò sọ ìdí fẹ́nì kan. Ó di Bàbá Sùúrù. Á jókòó ti ọba rẹ̀ bí abiyamọ tó ń ṣọ́ ọmọ tó sùn, á máa wò ọ́ títí ìwọ fúnra rẹ á fi ṣìṣe. "Ẹ má lé e," ló máa ń sọ fáwọn tó ń kọ́. "Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò gbé e wá."

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ láti kékeré, ló ń bá a kọ́ wọn. Igbákejì ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé bàbá ti ń gbàgbé nǹkan: bọ́tìnnì ẹ̀wù, omi lórí iná, orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri létí. Alága ẹgbẹ́ gbọ́, ó sì wá.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni alága wí. "Wọ́n ní ẹ ti ń ṣi nǹkan ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa kọ́ wọn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu ayé ni."

"Ẹnu ayé ò mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta." Bàbá dìde. "Ẹ to pátákó mẹ́jọ. Màá kọ ẹ̀yìn sí wọn, orí ni màá fi ta gbogbo wọn. Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn rèé, mú un lọ́wọ́; tí mo bá ṣi ẹyọ kan péré, ó di tìrẹ."

Igbákejì mọ̀ pé gbọ̀ngàn yìí nìkan ló ṣì so bàbá pọ̀. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó kù lórí rẹ̀ á tú ká.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi í sí. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, awakọ̀ kan, télọ̀ kan, àtàwọn mìíràn, mẹ́jọ lápapọ̀, oníkálukú nídìí pátákó tirẹ̀. Bàbá kọjú sí ògiri. Igbákejì ń lọ láti pátákó dé pátákó, ó ń ké ohun tí oníkálukú ta àti lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà ojúlé tó gbé e sí. Bàbá á tún un wí kó tó fèsì. Àṣà rẹ̀ nìyẹn, kó lè tẹ̀ mọ́ ọn lórí.

"Pátákó kẹta, ẹṣin sí ẹ́fù mẹ́fà."

"Ẹṣin sí ẹ́fù mẹ́fà. Bíṣọ́ọ̀bù sí bíì márùn-ún."

"Háà, bàbá, ẹ rọra!" ni awakọ̀ wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni o!"

"Ìwọ awakọ̀ yìí, ìgbà wo lo máa ń rántí bíréèkì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Igbákejì dé pátákó kẹjọ, ó fẹ́ yí padà sí ti àkọ́kọ́. Bàbá na ọwọ́ sókè. Ó dẹ orí sí apá òsì, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí.

"Pátákó kẹsàn-án," ló wí. "Ọmọ ogun sí ẹ́fù mẹ́rin. Ó dáa. Mo jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Alága wo Igbákejì.

"Bàbá, mẹ́jọ la..." ni alága bẹ̀rẹ̀.

"Tèmi ni," ni Igbákejì sọ. Kò tíì rò ó kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mò ń bá wọn ta ẹ̀kẹsàn-án."

"Ìwọ? Pátákó rẹ dà?" ni alága bi í.

"Orí lèmi náà fi ń ta á. Ẹ jẹ́ n tò ó kẹ́ ẹ rí i."

Ó tò ó. Lórí àwọn mẹ́jọ, funfun ni bàbá. Lórí èyí, dúdú ni. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá kan pátákó kẹsàn-án, bàbá á dẹ orí sí òsì, á tún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ké wí, á sì fèsì. Igbákejì á gbé funfun lọ síbi tó dárúkọ, bíi pé òun ló rò ó.

Ó rò pé ayò tí kò lórí tí kò nídìí ni yóò jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ bára mu. Funfun fi ẹṣin tọrẹ. Ó fi ayaba tọrẹ. Irun ọrùn Igbákejì dìde. Ó ti kọ́ gbogbo ayò Iná-Pápá láti ìgbà tí kò tíì ga tó tábìlì. Ọwọ́ Iná-Pápá rèé. Ṣùgbọ́n kò rí ayò yìí rí.

Fáànù dúró. Iná kò lọ o, gílóòbù ṣì ń tàn. Ó yẹ kí ẹ̀rù ba Igbákejì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ mọ èyí tó máa tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n débi pé ó ń yára ké ti àwọn pátákó tó kù.

Wọ́n ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ dojú ọba rẹ̀ délẹ̀, ó ní ẹnjìnnì òun ti kú. Nọ́ọ̀sì nìkan ló gba ọ̀mì. Bàbá kò ṣi ẹyọ kan. Alága fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Orí bàbá pé ju tèmi lọ," ló wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bàbá kò yíjú padà. "Ó ku ẹ̀kẹsàn-án."

Igbákejì wò ó. Ọba dúdú tí í ṣe ti bàbá ti há sí igun, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló dí i mọ́bẹ̀. Ọmọ ogun funfun kan dúró ní ìṣísẹ̀ kan sí ibi tí yóò ti pa á. Ó ti pinnu: yóò ní kí àwọn pè é ní ọ̀mì, kí bàbá sinmi. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun náà wọ́, ó tẹ ìlà. Ó fi ìka tún un ṣe.

"O ti fọwọ́ kàn án," ni bàbá wí. Ògiri ló ṣì ń wò.

Òfin ṣẹ́ẹ̀sì ni: ohun tí o bá fọwọ́ kàn, òun ni wàá gbé, àfi tí o bá kọ́kọ́ sọ pé o kàn fẹ́ tún un ṣe ni. Ọmọ ogun kì í sì í padà sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni èyí ní.

"Mo kàn fẹ́ tún un ṣe ni, bàbá."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀mì." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ta lẹ̀ ń bá ta á gan-an?"

Bàbá dẹ orí sí òsì. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ní ó kàn ọ́," ló wí.

Nígbà tí wọ́n yí àga rẹ̀ padà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń mí. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Dókítà wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, á jẹ ẹ́. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Alága ní kí Igbákejì ti ọmọ ogun náà síwájú, bóyá bàbá á jí. Awakọ̀ ní bí ọba bá kú, tí bàbá náà bá bá a lọ ńkọ́, ta ló máa dá irú ẹ̀ wò. Igbákejì ń lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ funfun, á na ọwọ́, á tún fà á sẹ́yìn. Àwọn tó bá wá kí i a máa bi í ohun tí bàbá sọ gbẹ̀yìn. Kì í fi kún un, kì í yọ kúrò.

"Ó ní ó kàn ọ́."