Dókítà Tó Kọ̀ Tí Kò Wọlé

Abo ẹlẹ́dẹ̀ kan tó sanra bí àgbá omi ló kọ́kọ́ yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò Kuje, nítòsí Festac l'Ékòó, lọ́jọ́ náà. Omidan kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bàtà rọ́bà funfun dé e lórúnkún, ẹrẹ̀ ti ta sí i níwájú orí, ẹ̀rín ló sì ń rín.

Ṣínà, tó máa ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe káàkiri Festac, gbé páálí ẹ̀rọ tuntun kan dání. Ó fẹ́ yà fún ẹran náà, bí ẹni tó gbọ́n yóò ti ṣe.

"Bọ̀dá, ẹ má sá o. Ẹ fi páálí yẹn dí i lójú. Ẹlẹ́dẹ̀ ò ní gba ibi tí ò bá ríran kọjá."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ wo páálí, ó kùn, ó sì yí padà jẹ́jẹ́ bí ìyá ìjọ tó gbàgbé Bíbélì sílé.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín ni?" Ṣínà béèrè.

"Rárá o. Dókítà rẹ̀ ni mí."

Olúwatóyọ̀sí lorúkọ rẹ̀, Tóyọ̀sí lẹ́nu ọ̀rẹ́. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìdí ajá olówó lọ. Òun yan ẹlẹ́dẹ̀, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́n, dókítà tó sì fẹ́ tẹ ẹrẹ̀ nítorí rẹ̀ ò pọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń wá a a gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, wọn a sì di àwátì. Ṣínà nìkan ló gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín ayọ̀.

"Màmá mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Kuje níbí. Wọ́n á ní Ọlọ́run ló rán yín."

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọn a pàdé ní Apple Junction, wọn a jọ jẹ àgbàdo sísun.

"Dókítà mi, kí lo fi ń wẹ̀ tí òórùn ẹlẹ́dẹ̀ kì í fi í kù lára ẹ?"

"Imú ẹ ló ti kú, olówó orí mi. Ìfẹ́ ló pa á."

Nígbà tó yá, Ṣínà ní kó wá kí màmá òun ní Sátidé. Tóyọ̀sí ra aṣọ, ó dirun. Àfi bí wọ́n ṣe pè é ní Fúráìdè sí oko kan lẹ́yìn Alákijà, tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń kú lọ bẹẹrẹ. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ tí kò gbóògùn ni. Ó fi tó ìjọba létí. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá wọ irú oko bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, bó ti wù kó wẹ̀ tó.

Ó bẹ Ṣínà pé kí wọ́n sún ìbẹ̀wò náà síwájú. Ṣínà ní oúnjẹ ti délẹ̀, àwọn àǹtí òun sì ti dé. Kó má baà jọ ìwọ̀sí, Tóyọ̀sí wọ aṣọ àti bàtà tuntun, ó lọ kúnlẹ̀ sí òdìkejì títì, ó sì kí ìyá náà láti ọ̀hún.

"Wọlé, ọmọ mi," ni Màmá Ṣínà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè wọlé lónìí. Mo dé ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti ń ṣàìsàn lánàá. Mo lè kó o ran tiyín."

"Pálọ̀ ni mo ní kó o wọ̀, mi ò ní kó o wọlé ẹlẹ́dẹ̀."

"Géètì kan náà ni, mà."

Láti ọjọ́ tí ìyá náà ti dáyé, kò rí ọmọ tó wá wo ìyá ọkọ, tó kọ ilé, tó kọ oúnjẹ. "Ẹni tí ò lè wọ ilé mi," ló wí, "báwo ló ṣe fẹ́ wọ ẹbí mi?" Ó sì pa géètì dé.

Ṣínà sọdá, inú ń bí i. "Ìṣẹ́jú kan péré, Tóyọ̀sí. Nítorí mi."

"Tí ẹlẹ́dẹ̀ màmá bá wá kú tán ńkọ́? Ojú wo lo máa fi wò mí?"

Ṣínà yí padà sílé, kò sì sìn ín dé ibi tó ti wọ kẹ̀kẹ́. Tóyọ̀sí sunkún dé ilé bàbá rẹ̀ ní Festac. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dénú, kò sì rí ohun mìíràn tí ì bá ṣe.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan kí fóònù rẹ̀ tó dún.

"Ọmọ mi, Màmá Ṣínà ni. Mo lọ kí Màmá Bukky ládùúgbò wa. Mo ti wọlé jókòó kí wọ́n tó sọ fún mi pé ẹlẹ́dẹ̀ wọn ti kú tán. Àlejò kan ló fi bàtà gbé àìsàn ọ̀hún wá bá wọn. Mo ti wá dé ẹnu géètì mi báyìí, mi ò lè wọ ilé ara mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Tóyọ̀sí, ó gbé e mì. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹ má wọlé. Ẹ máa bọ̀ nílé wa. A ò sin ẹlẹ́dẹ̀."

"Ta ló máa wá fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi lóúnjẹ?"

"Ṣínà ni, mà."

Bí ìyá ọkọ ṣe kó wá sílé ìyàwó nìyẹn. Òun àti bàbá Tóyọ̀sí, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì bí ìyá náà, jọ ń ṣàríyànjiyàn lórí ìwàásù láràárọ̀. Ní Kuje, Ṣínà ń fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, Tóyọ̀sí sì ń darí rẹ̀ lórí fóònù.

"Wọ́n jẹun?"

"Wọ́n jẹ tiwọn, wọ́n fẹ́ jẹ tèmi." Ó gbé garawa sílẹ̀. "Tóyọ̀sí, màmá mi lò ń dáàbò bò, èmi sì ń bínú sí ẹ. Dárí jì mí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Wàá máa dúró dè mí lẹ́nu géètì lọ́pọ̀ ìgbà o."

"Màá máa dúró."

"Ó dáa. Mo gbà." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, tí ara gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ náà le, Tóyọ̀sí sin ìyá náà padà sí Kuje. Ṣínà jáde pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, ó ń rùn. Tóyọ̀sí dúró sí òdìkejì títì bí àṣà, ó ń dúró de àṣẹ.

Màmá Ṣínà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. "Wọlé, ìyàwó mi," ló wí.